Ìyá Fáìlì àti Ìrìnàjò Àwọn Ọmọ Modúpẹ́

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Oyèbọ́lá Ọláfimíhàn fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí ìjọba ń kó fáìlì sí ní sẹkitéríàtì Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ló sì ti sin ọkọ. Níbi iṣẹ́, Ìyá Fáìlì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí ọ̀gá kan bá ń wá ìwé tí wọ́n ti kọ láti ọdún gbọọrọ, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wá a títí tí wọn ò rí i, òun ni wọn yóò ránṣẹ́ sí. Yóò fi gíláàsì rẹ̀ sójú, yóò dúró díẹ̀ láàárín yàrá náà, yóò sì lọ tààrà síbi tí ìwé náà wà. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Kì í jẹ́ kí ìwé kan gba ọwọ́ òun kọjá láìkà á tán ni, ohun tó bá sì ti kà, kì í gbàgbé.

Nígbà tó fẹ̀yìntì, ilé kékeré tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ sí Òkè-Àró ló jókòó sí, òun àti Modúpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, pẹ̀lú àwọn ọmọ méjì tí Modúpẹ́ bí. Ìyanuolúwa ni àgbà, ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kìtán ni àbúrò, ọmọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, lásìkò tí àwọn èèyàn ń tò sí ẹnu ọ̀nà báńkì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí owó tuntun, Modúpẹ́ rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú òyìnbó, ó sì lọ. Ó ní kí ọdún tó yí po, òun yóò ti kó àwọn ọmọ òun sọ́dọ̀.

Ọdún náà le. Nígbà tó di oṣù kẹfà, owó epo mọ́tò fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ohun tó wà lọ́jà sì tẹ̀lé e. Oyèbọ́lá, tí wọ́n ń pè ní Màmá nílé, dẹ́kun wíwọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọjà Ọba. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ, àfi bí ẹrù bá pọ̀ jù ló máa ń wọkọ̀ bọ̀. Ó ti sítóòfù gáàsì sábẹ́ tábìlì, ó gbé ìkòkò èédú jáde. Ẹran di ti ọjọ́ Àìkú. Lójú Kìtán, èédú tilẹ̀ sàn ju gáàsì lọ, torí pé ó ṣe é sun àgbàdo.

Oṣù kọkànlá ni Modúpẹ́ pè pé físà àwọn ọmọ ti jáde. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó wá béèrè ọjọ́ tí Modúpẹ́ ń bọ̀ wá mú wọn. Modúpẹ́ ṣàlàyé pé àwọn tí òun ń bá ṣiṣẹ́ ò tíì fún òun láyè ìsinmi, àti pé bí òun bá fi agbára wá, òun lè má padà bá iṣẹ́ náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá òun mú wọn wá. Àwọn ọmọ náà yóò dá wọ ọkọ̀ òfurufú ni.

Màmá rò pé fóònù ló ń gé ọ̀rọ̀ jẹ. Ó ní kí ó tún un sọ.

Modúpẹ́ tún un sọ. Ó ní ètò kan wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń ṣe. Òṣìṣẹ́ wọn kan yóò gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, yóò fi í lé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́wọ́, àwọn yẹn yóò sì fi í lé ẹni tó wá pàdé rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbà á, yóò fọwọ́ sí ìwé.

“Wọ́n á fọwọ́ sí i ní gbogbo ibi?” ni Màmá béèrè.

“Ní gbogbo ibi, Màmi. Bí ọwọ́ kan ò bá fọwọ́ sí i, ọwọ́ kejì ò ní gbà á.”

Ohun tó jẹ́ kí ara Màmá balẹ̀ díẹ̀ nìyẹn. Ètò tí ìwé wà nínú rẹ̀, ó yé e. Lọ́jọ́ kejì ó ra fáìlì aláwọ̀ ewé kan, ó kọ orúkọ àwọn ọmọ méjèèjì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹni tí wọ́n júwe fún un pé ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni Rufus, ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́bàá Ọjà Ọba, lórí àwọn aránṣọ. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ máa ń gba inú ilẹ̀ pákó wọlé tí ẹsẹ̀ èèyàn á fi máa gbọ̀n. Rufus yára. Ó ti mú ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní kí Màmá tó jókòó dáadáa. Màmá ní kí ó bá òun tẹ ìwé òfin ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà jáde. Rufus ní kò sẹ́ni tó ń ka ìyẹn. Màmá ní òun yóò kà á.

Ó gbé e lọ sílé, ojú ewé mẹ́rìnlá, ó sì kà á ní ọ̀sán ọjọ́ méjì. Ibẹ̀ ló ti rí i pé wọn kì í gba ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún márùn-ún lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tilẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ni wọ́n bí Kìtán. Bí wọ́n bá lọ lọ́jọ́ kẹwàá, yóò ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó pé ọdún márùn-ún. Ó tún rí i pé físà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pásípọ́ọ̀tù wọn yóò kú lọ́jọ́ kejì oṣù kejì. Gbogbo àyè tó wà nílẹ̀ ò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Rufus, ọkùnrin náà ní ọjọ́ mẹ́rin péré kò jẹ́ nǹkan, wọn ò ní wo ìyẹn.

“Ọjọ́ tí a bá ti rìn dé iwájú wọn tán ni wọ́n máa wò ó,” ni Màmá wí. “Yí i padà, jọ̀ọ́, Ọ̀gbẹ́ni Rufus.”

Wọ́n yí i padà sí ọjọ́ kẹtàlélógún, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ òwúrọ̀ tí kò ní dúró lójú ọ̀nà.

Ohun kan ló kù tí Màmá ti rí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tó sì ń ṣí ojú ewé rẹ̀ kọjá. Wọ́n fẹ́ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, kí àwọn méjèèjì ní àwọn fara mọ́ ọn pé kí ọmọ náà rìn. Wọ́n sì fẹ́ kí bàbá tó wà ní Nàìjíríà lọ búra sí tirẹ̀ ní kóòtù. Modúpẹ́ ti kọ tirẹ̀ ránṣẹ́. Bàbá àwọn ọmọ ni Adéṣínà Oríọlá, ọmọ Oǹdó, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún márùn-ún tí Màmá ti bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Olùkọ́ ìṣirò ni Adéṣínà nígbà tó fẹ́ Modúpẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Àkúrẹ́ ló ti ń kọ́ni. Nígbà tí oyún Kìtán wà nínú Modúpẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ilẹ̀kùn, Adéṣínà sì ń rìn kiri láìríṣẹ́. Lọ́jọ́ tí Modúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, nǹkan ò rọrùn, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n wá Adéṣínà títí, wọn ò rí i. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Màmá ló fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ náà, òun ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé Modúpẹ́ wọlé, òun náà ló gba ọmọ. Ọjọ́ kẹta ni Adéṣínà tó dé, ó rù, eruku bo ara rẹ̀. Màmá pàdé rẹ̀ ní ẹnu géètì ilé ìwòsàn. Ó ní kò gbọdọ̀ wọlé, ó ní ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ikú ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, kò gbọdọ̀ wá jẹ oúnjẹ ìsọmọlórúkọ. Adéṣínà dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó pa á dé, ó yí padà. Modúpẹ́ náà bínú títí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì fi tutù. Nígbà tó yá, Adéṣínà padà sí Oǹdó, ó ń wakọ̀ èrò láti ibẹ̀ lọ sí Èkó.

Màmá ò fẹ́ lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ Modúpẹ́ bóyá wọn kò lè sọ pé a ò mọ ibi tí bàbá wà. Modúpẹ́ ní irọ́ ni ìyẹn, Màmá sì mọ̀ pé irọ́ ni. Kò ṣe irú rẹ̀ rí nínú ìwé kankan.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kejìlá, ó gbé fáìlì sínú báàgì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ní ibùdókọ̀ kan ní àdúgbò Yabá nínú ìlú Oǹdó, wọ́n nàka sí Adéṣínà fún un. Ó jókòó sínú ọkọ̀ Sienna àtijọ́ kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí, ó ń dúró de èrò tí kò tíì pé. Irun ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun létí rẹ̀. Bó ṣe rí Màmá, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ níwájú àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀.

“Màmá, ẹ kú ìrìn. Ṣé kò sí nǹkan?”

Màmá ò dáhùn ìkíni náà tán tó fi na ìwé sí i. Ó ti múra gbogbo ohun tí yóò sọ bí Adéṣínà bá kọ̀. Ó ti kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé kékeré kan: pé òun ni òun tọ́ wọn, pé kò mọ ohun tí wọ́n jẹ lánàá, pé kò ní ẹnu níbẹ̀. Adéṣínà gba ìwé náà, ó fi ẹ̀yìn ti ara ọkọ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó kà á pẹ̀lú. Màmá rí i pé kò fo ìlà kan.

“Àwọn méjèèjì nìkan, Mà?”

“Àwọn nìkan.”

“Kìtán á ti pé márùn-ún nígbà náà.”

“Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tó bá pé.”

Ó mi orí. Ó ní òun yóò wá sí kóòtù ní Àkúrẹ́ lọ́la, kí Màmá má ṣe tún da ara rẹ̀ láàmú wá sí Oǹdó. Lẹ́yìn náà ni ó ní, bí kò bá ní bí Màmá nínú, òun fẹ́ rí wọn kí wọ́n tó lọ. Kò bẹ̀bẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn di ìwé náà mú lọ́wọ́ bí ẹni tó ń dúró de ìdáhùn lẹ́nu ọ̀gá iṣẹ́.

Màmá ní kí ó wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà sí Àkúrẹ́, inú rẹ̀ ò dùn, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tó ń bí i nínú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ sínú ìwé kékeré yẹn ló gbé padà bọ̀ láìsọ ọ̀kan.

Adéṣínà búra ní kóòtù, ó sì wá lọ́jọ́ Àìkú. Kìtán ò mọ̀ ọ́n rí. Ó wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí, ó béèrè bóyá òun ló ni ọkọ̀ tó wà níta, ó sì ní kí ó fọn fèrè rẹ̀ fún òun. Ti Ìyanuolúwa yàtọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kúrò nílé, ohun tó rántí sì pọ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, kò wọlé, kò jáde. Adéṣínà ò pè é. Ó mú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ tó wà lórí tábìlì, ó wò ó, ó ní ìdáhùn kẹrin yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà débẹ̀ gùn. Ọmọ náà sún mọ́ ọn láti wo ohun tó ń sọ. Nígbà tí Màmá gbé oúnjẹ wọlé, orí àwọn méjèèjì ti wà lórí ìwé kan náà.

Lásìkò yẹn, Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí wọn yóò ṣe. Ó sọ pálọ̀ di pápákọ̀ òfurufú. Tábìlì oúnjẹ ni ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé, àga gígùn ni ọkọ̀ òfurufú. Yóò jókòó sẹ́yìn tábìlì, yóò bi wọ́n léèrè orúkọ wọn, ọdún wọn, ibi tí wọ́n ń lọ, ẹni tí yóò wá pàdé wọn. Ìyanuolúwa ti há gbogbo rẹ̀ sórí, títí kan nọ́ńbà fóònù Modúpẹ́. Kìtán náà mọ̀ ọ́n, àní ó ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ohun tí kò ṣeé ṣe fún un ni kí ó fi ọwọ́ Màmá sílẹ̀. Bí eré náà bá ti dé ibi tí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ yóò mú un lọ, yóò di aṣọ Màmá mú, yóò ní òun ò ṣe mọ́. Màmá tan án, ó bá a wí, ó fi bisikí bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́.

Adéṣínà ló ní kí òun jẹ́ òṣìṣẹ́ náà. Ó jáde lọ síta, ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé bí ẹni tí kò mọ ẹnì kankan nínú ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Kìtán, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni mo máa mú yín dé ìdí ọkọ̀. Ẹ ò bá jẹ́ kí n di ọwọ́ yín mú?” Kìtán wo Màmá, ó wo ọkùnrin náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ka ìgbésẹ̀ mẹ́rin dé ẹnu ọ̀nà, ó sáré padà. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó dé géètì. Lẹ́yìn ọdún tuntun, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú yípo gbogbo ilé, wọ́n sì gba ẹ̀yìn wọlé. Màmá jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó ń fi kálámù rẹ̀ kan ìwé. Ó hàn sí i pé ẹni tí ọmọ náà ò mọ̀ gan-an ló lè kọ́ ọ bí a ti ń bá ẹni tí a ò mọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì tún múnú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí ọjọ́ sún mọ́lé, Màmá ní òun yóò wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Èkó pẹ̀lú wọn. Adéṣínà ní rárá, òun yóò gbé wọn. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún, ni wọ́n gbéra ní kùtùkùtù. Wọ́n gba Oǹdó kọjá, wọ́n gba Ọ̀rẹ̀, ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń yí kiri nínú kòtò. Kìtán sọ̀rọ̀ títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, ó wá sùn. Ìyanuolúwa ò sùn rárá. Ó ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé àlejò ìjọ Màmá ní Ìkẹjà ni wọ́n sùn. Nígbà tó di aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti dé pápákọ̀ òfurufú.

Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tábìlì gba fáìlì lọ́wọ́ Màmá, ó ń ṣí i. Ó ní òun ò tíì rí ìwé tó tò báyìí rí. Lẹ́yìn náà ló ń wo pásípọ́ọ̀tù, ó ń wo fọ́ọ̀mù. Ó pe ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ wá, wọ́n jọ ń wò ó. Ọkùnrin náà béèrè ohun tí Màmá jẹ́ sí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Màmá ní ìyá ìyá wọn. Ọkùnrin náà ní Oríọlá ni orúkọ àwọn ọmọ, Ọláfimíhàn ni orúkọ ẹni tó mú wọn wá, Ọláfimíhàn náà ni orúkọ ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n lọ́hùn-ún. Ẹnì kankan nínú àwọn àgbà ò jẹ́ orúkọ tí àwọn ọmọ ń jẹ́. Ó ní kì í ṣe pé òun ń fẹ̀sùn kàn wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jí ọmọ kó lọ ti mú kí àwọn máa wo irú èyí dáadáa.

Màmá tọ́ka sí lẹ́tà kóòtù. Ọkùnrin náà ní òun rí lẹ́tà, òun ò rí ẹni tó kọ ọ́.

“Ta ni Adéṣínà Oríọlá?” ló béèrè.

Adéṣínà wà lẹ́yìn, níbi tí ó dúró sí pẹ̀lú àpótí ẹrù. Kò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀, nítorí kò sí orúkọ rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù tó wà níwájú wọn. Ó bọ́ síwájú.

“Èmi ni. Bàbá wọn ni mí.”

Ó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ jáde. Ọkùnrin náà fi fọ́tò wé ojú rẹ̀, ó ní kí ó tún fọwọ́ sí ìwé lójú òun, ó fi í wé èyí tó wà nínú lẹ́tà kóòtù. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi Ìyanuolúwa léèrè ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́.

“Dádì mi ni,” ni ọmọ náà wí. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí ó ti sọ ọ́ kẹ́yìn.

Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé. Wọ́n so àpò pélébé kan tí ìwé wà nínú rẹ̀ mọ́ ọrùn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Obìnrin òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Monílọ́lá wá pé òun ni òun yóò mú wọn wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Kìtán, ó na ọwọ́ sí i. Màmá ti múra sílẹ̀ fún ẹkún. Kìtán wo ọwọ́ náà, ó wo Adéṣínà, Adéṣínà mi orí fún un, ọmọ náà sì gbá ọwọ́ obìnrin náà mú.

Màmá gan-an ni kò lè fi wọ́n sílẹ̀. Ó tún okùn àpò ọrùn Ìyanuolúwa ṣe. Ó ní kí Monílọ́lá rántí pé ata ò gbọdọ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ Kìtán. Ó tún béèrè ibi tí wọn yóò jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ó ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀. Ó tún padà sórí okùn àpò náà. Monílọ́lá mú sùúrù fún un, kò sọ pé ó tó. Ìyanuolúwa ló di ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ mú, ó sì rọra gbé e kúrò lórí àpò náà.

“Màmá Àgbà, mo mọ gbogbo rẹ̀,” ló sọ. “Ẹ ti kọ́ wa.”

Wọ́n lọ. Kìtán ń ṣàlàyé ọkọ̀ òfurufú fún obìnrin náà bí wọ́n ti ń lọ, wọ́n sì yà sẹ́yìn ògiri kan.

Òfin ni pé ẹni tó mú ọmọ wá ò gbọdọ̀ kúrò títí ọkọ̀ yóò fi gbéra, kí wọ́n lè dá ọmọ padà fún un bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Màmá àti Adéṣínà jókòó sórí àga irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ku wákàtí méjì. Adéṣínà ra omi, ó ṣí ìdérí rẹ̀ kí ó tó gbé e fún un.

“Adéṣínà,” ni Màmá wá sọ. “Ọjọ́ mẹ́ta yẹn tí a fi wá ọ, níbo lo wà?”

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. “Bọ́lọ́rundúró ni, Mà.”

Ó sọ ọ́ láìyára, bí ẹni tó ń sọ ìtàn ẹlòmíràn. Ó ní dókítà ti sọ fún òun lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé ó lè di iṣẹ́ abẹ. Òun wá iṣẹ́ kiri Àkúrẹ́, kò sí. Ẹnì kan sọ pé wọ́n ń wá àwọn tí yóò fọ́ kòkó ní oko kan lọ́nà Bọ́lọ́rundúró, òun sì lọ. Òun rò pé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ò tíì tó. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú oko. Olóko ní kí wọ́n parí kí òun tó sanwó, àwọn sì parí lọ́jọ́ kẹta. Ẹsẹ̀ ni òun fi rìn dé títì. Nígbà tí òun dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn, owó náà wà nínú àpò ẹ̀wù òun.

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Ẹ ò béèrè, Mà. Ojú sì tì mí. Olùkọ́ ni mí, oko olóko ni mo ti ń bọ̀.”

Màmá di ike omi náà mú. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ láìdá ìwé kan padà láìkà á. Èyí tó dá padà láìkà, èèyàn ni. Kò sunkún. Ó ní, “Ó yẹ kí n ti béèrè.” Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún sọ ọ́. Adéṣínà ní òun náà jẹ̀bi, ó yẹ kí òun ti sọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá ààbọ̀ lù, Monílọ́lá padà wá sọ fún wọn pé ọkọ̀ ti gbéra, ó sì fún Màmá ní ẹ̀dà ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Màmá kà á tán kí ó tó dìde.

Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ dá wọn dúró pẹ́ ní Èkó; ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n sì ti kọjá Ọ̀rẹ̀ nígbà tí ìpè Modúpẹ́ wọlé. Adéṣínà wa ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Modúpẹ́ ní òun ti fọwọ́ sí i, àwọn méjèèjì wà lọ́wọ́ òun. Ohùn Kìtán ló gba gbogbo fóònù náà. Ó ní òun ò sunkún, ó ní ojú ọ̀run funfun bí òwú, ó ní òtútù ibẹ̀ ń ta èèyàn nímú. Ó wá béèrè bóyá Dádì wà níbẹ̀. Màmá na fóònù sí Adéṣínà. Modúpẹ́ náà bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya láàárín wọn ti kọjá, kò sì sí ẹni tó díbọ́n pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilé Òkè-Àró dákẹ́ ju bí Màmá ti rò lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń se oúnjẹ ènìyàn mẹ́ta, ó ń pín èyí tó kù fún àwọn ará ilé kejì. Nǹkan ò rọrùn sí i. Owó ọkọ̀ tún lọ sókè nínú oṣù kejì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Adéṣínà máa ń wa ọkọ̀ rẹ̀ wá láti Oǹdó bí èrò bá wà tí yóò gbé wá, bí kò bá sì sí, yóò wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Wọn yóò gbé fóònù Màmá ti ara ike ṣúgà lórí tábìlì, wọn yóò jókòó síwájú rẹ̀. Ìyanuolúwa yóò gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ sójú fóònù, Adéṣínà yóò ní kí ó tún gbé e wálẹ̀ díẹ̀, òun ò rí ìlà ìsàlẹ̀. Màmá yóò dìde lọ bu oúnjẹ Adéṣínà wá fún un kí ó tó tutù.